«All We Are Saying»: orin ẹ̀fẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

«All we are saying» jẹ́ orin kúkúrú tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà máa ń kọ láti fi bẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn pé kí wọ́n jẹ góòlù. Ìlà méjì péré ló ní. Ìlà kìíní kì í yí padà. Ìlà kejì ni ẹni tó ń lé orin máa ń fi ohun tó bá ń wù ú dí: góòlù kan, góòlù sí i, owó oṣù, àní ìrẹsì pàápàá. Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín àwọn Yorùbá Òkun tó wà ní Kàbbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Mọ̀pà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́ ọ ní pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ìlú, àti nílé ìwòran bọ́ọ̀lù tí àwọn èèyàn ń pè ní viewing center.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Orí ibùsùn ni orin yìí ti ṣẹ̀, kì í ṣe orí pápá. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 1969, John Lennon, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Beatles, àti ìyàwó rẹ̀, Yoko Ono, lọ dùbúlẹ̀ sí yàrá 1742 ní hòtẹ́ẹ̀lì Queen Elizabeth nílùú Montreal, Kánádà, wọ́n sì ní kí àwọn oníròyìn máa bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń tako ogun nìyẹn, pàápàá ogun Vietnam. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Amsterdam lóṣù Kẹta ọdún náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, wọ́n gba orin «Give Peace a Chance» sílẹ̀ nínú yàrá ọ̀hún. Tommy Smothers, apanilẹ́rìn-ín ará Amẹ́ríkà, bá Lennon ta gìtá, àwọn àlejò tó kún inú yàrá dẹ́nu gbè é, àwọn mìíràn ń lu ohunkóhun tí ọwọ́ wọ́n bá bà. Oṣù Keje ni àwo orin náà jáde. Ó dé ipò kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé ipò kẹrìnlá ní Amẹ́ríkà.

Orúkọ èèyàn àti ọ̀rọ̀ wótòwótò ló pọ̀ nínú lílé orin náà, ìwọ̀nba èèyàn ló sì lè kà á láìwo ìwé. Ègbè rẹ̀, «All we are saying is give peace a chance», ló rìn jìnnà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1969, Pete Seeger, akọrin ará Amẹ́ríkà, lé e fún ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ èèyàn tó ń wọ́de tako ogun ní Washington, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń tún kọ ṣáá.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, Lennon dá oyè MBE tí Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà. Ìdí mẹ́ta ló kọ sínú ìwé rẹ̀: ọwọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ọ̀rọ̀ Nàìjíríà àti Biafra, ìtìlẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún Amẹ́ríkà ní Vietnam, àti bí àwo orin rẹ̀ tuntun, «Cold Turkey», ṣe ń jábọ̀ nínú àtẹ orin tó ń tà jù. Ẹ̀fẹ̀ ni ìdí kẹta. Ó yẹ kí àwa tá a ń kọ orin yìí mọ̀ pé ogun tiwa ti wà lẹ́nu Lennon tó ni orin náà nígbà tí ogun ọ̀hún kò tíì parí. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ló tó dópin.

Bó ṣe di ti pápá

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn èrò ìwòran bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì ti mú «peace» kúrò, wọ́n sì fi «goal» rọ́pò. Àṣà wọn ni bẹ́ẹ̀. Ohùn orin Cwm Rhondda tí John Hughes ṣe ní Wales ní ọdún 1907, tí àwọn ìjọ fi ń kọ orin ìyìn, náà ni wọ́n sọ di orin tí wọ́n fi ń bú àwọn alátakò tó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní Nàìjíríà, «is» tó wà láàárín ìlà méjèèjì já kúrò, ó wá di «All we are saying, give us one goal». Àyè tó ṣí sílẹ̀ níbi tí «is» ti já ni ìlù máa ń bọ́ sí.

Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ orin pápá ló jẹ́ ìhàlẹ̀ tàbí èébú sí àwọn alátakò. Ẹ̀bẹ̀ ni èyí ní tiẹ̀, ọmọ ilé ẹni la sì ń bẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ ilé ẹ̀kọ́ kan ní góòlù mẹ́ta, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣì ń fi ohùn arò bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀rín á pa tọ̀tún tòsì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì yí padà, tí ẹgbẹ́ tiwọn ti jẹ mẹ́rin, wọn kì í dákẹ́: «give us more goals» ló kàn. Ó dà bí ẹni tó ti yó tó tún na àwo síwájú ọlọ́bẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń nà ló máa ń ká lára jù, nítorí orin náà kò dárúkọ wọn rárá, ṣe ló ń bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ lójú wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan ń tan ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1989, ní Dammam, Saudi Arabia, Soviet Union ti fi góòlù mẹ́rin sí òdo na àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé kí wọ́n tó dá gbogbo rẹ̀ padà, tí wọ́n sì fi pẹnárítì borí. Àgbàlagbà tó gbọ́ ìròyìn ọjọ́ yẹn kì í kúrò ní pápá kí fèrè ìparí tó dún.

Ní ilẹ̀ Òkun

Ó rọrùn fún orin yìí láti rí ibùgbé ní Kàbbà tàbí Ìsánlú, nítorí lílé àti ègbè ni àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, láti ibi ìgbéyàwó àti láti ibi òkú àgbà. Ẹnì kan á lé, agbo á gbè. Akọrin tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí elégbè mọ ohun tó máa fi dí ìlà kejì títí ó fi máa sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n orin náà wà.

Àsìkò Kérésìmesì ló máa ń gbóná jù, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Lọ́kọ́jà, Àbújá, Ìlọrin àti Èkó wálé, tí àdúgbò kan bá ń bá èkejì gbá bọ́ọ̀lù. Ìlù, agogo àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n fi ń gbè é. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í bá ohùn orin jà, ṣùgbọ́n bí olórí orin bá fi èdè ilé dí ìlà kejì, bóyá Owé tí wọ́n ń sọ ní Kàbbà tàbí Yàgbà, ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àmì ohùn ọ̀rọ̀, kí «owó» má bàa di «òwò» lẹ́nu èrò. Nítorí náà, ìlà kejì kì í fi gbogbo ara jọra láti ìlú kan sí èkejì.

Ó tún ti jáde ní pápá. Àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ́de ní Nàìjíríà ń lò ó láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, níbi tí kò ti sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọdé sì mú tiwọn. Tí eré bá parí, tí wọ́n tò sídìí ìkòkò ìrẹsì tí ẹni tó máa bù ú ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn á sì dáhùn.