Abẹ́ Olúmọ ni ìwòsàn ọgbẹ́ ọkàn ti bẹ̀rẹ̀

Bí àwọn onímọ̀ bá ń sọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí láburú bá ọkàn rẹ̀ jẹ́, Vienna àti London ni wọ́n máa ń sáré lọ. Abẹ́òkúta ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí.

Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ. Ogun ti fọ́ ìlú wọn nínú igbó. Wọ́n ti gbé Ìbàdàn, ara kò rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú wà nínú wọn, ẹni tí iná jó ilé mọ́ lórí náà wà ńbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò da ara wọn pọ̀ rúdurùdu. Ará Aké ń bá ará Aké gbé, Kẹ́mta ń bá Kẹ́mta, Ìtòkò ń bá Ìtòkò, tòun ti olóyè àti òrìṣà wọn. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ìwé tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó mọ orúkọ ìyá rẹ ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ. Títí di òní, ẹni tó ṣòfò nílé wa kì í dá sùn: àwọn obìnrin ilé á tẹ́ ẹní tì í, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé e lọ, wọ́n á sì fi ipá bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu láàárọ̀.

Àhámọ́ ni òyìnbó mú wá fún àwọn tí orí wọn dàrú, bíi ti Yábàá ní Èkó ní 1907. Nígbà tó di 1944, wọ́n ṣí ilé àhámọ́ Lantoro ní Abẹ́òkúta fún àwọn sójà tí orí wọn dàrú lójú ogun. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀!

Ọmọ Ẹ̀gbá ló tún un ṣe. Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní 1923, tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, dé ọsibítù ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954. Ó ní kí àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká gba aláìsàn sílé, ì báà ṣe ogun ló dà á láàmú tàbí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kí ẹbí kan bá a wá. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n á se oúnjẹ, á fọ aṣọ, á sì mú un lọ gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ó ké sí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà wá ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta.

Àwọn kan sọ pé ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù ni Lambo ti rí i kọ́, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba aláìsàn sílé níbẹ̀. Ilé onílé ni ti Geel. Ní ti Aro, ẹbí aláìsàn bá a wá.

Ìyókù kò gùn. Ní 1980, àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó ń tẹ̀lé láburú, sínú ìwé àrùn ọpọlọ wọn. Ní 1996, Tedeschi àti Calhoun, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè 21 jáde láti fi wo bí ẹni tí láburú bá ṣe lè dàgbà sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn ni bí ẹni náà ṣe túbọ̀ sún mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.