Ẹ̀rọ ECMO: Nígbà Tí Ọkàn Tàbí Ẹ̀dọ̀fóró Aboyún Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀

ECMO ni ẹ̀rọ tí àwọn dókítà máa ń so mọ́ ara aláìsàn kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀, fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í wo àrùn kankan sàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ẹ̀mí bọ́ kí ìtọ́jú tó ráyè ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, kò sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti rántí rẹ̀ tó ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbẹ̀bí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń dá ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró aboyún dúró lójijì ló máa ń kọjá lọ, bí ìyá bá lè wà láàyè títí yóò fi kọjá.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Dókítà á ti ọ̀pá rọ́bà tó nípọn kan bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ní itan tàbí ní ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti dínkù nínú rẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde, pọ́ńpù á sì tì í wọ inú àpótí kékeré kan tó kún fún okùn tín-ín-rín oníhò. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kọjá lára àwọn okùn náà, ọ́síjìn ń gba inú ihò wọn kọjá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ́síjìn á gba ara awọ náà wọnú ẹ̀jẹ̀, carbon dioxide tí à ń mí síta á sì jáde. Wọ́n á mú kí ẹ̀jẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ṣe ń lọ́, wọ́n á dá a padà. Ó lè tó lítà 4 tàbí 5 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló bàjẹ́, tí ọkàn ṣì ń lù dáadáa, inú iṣan àbọ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ wá sí ọkàn, ni wọ́n ń dá ẹ̀jẹ̀ náà padà sí. Ọkàn fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í káàkiri ara. VV ni wọ́n ń pe èyí. Bí ọkàn bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, inú iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara, ni wọ́n ń dá a padà sí, kí ẹ̀rọ lè bá ọkàn gbé ẹrù náà. VA nìyẹn. Ó lágbára jù, ewu rẹ̀ náà sì pọ̀ jù: ọ̀pá tó wà ní itan lè máà jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀, ni wọ́n ṣe máa ń fi ọ̀pá kékeré mìíràn darí ẹ̀jẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa kú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò nígbà iṣẹ́ abẹ ọkàn ló ṣáájú rẹ̀. Dókítà John Gibbon fi í ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọkàn ní àṣeyọrí ní Philadelphia ní 1953, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ péré ni irú ẹ̀rọ yẹn wà fún. Ní 1975, ní California, dókítà Robert Bartlett lo èyí tó lè pẹ́ fún ọmọ tuntun kan tí àwọn nọ́ọ̀sì sọ ní Esperanza, ọmọ náà sì yè. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ọmọ tuntun ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn H1N1 ti 2009 ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan àwọn ìyá náà, nítorí àwọn aboyún wà lára àwọn tí àrùn náà mú le jù.

Oyún ń yí iṣẹ́ ara padà ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ilé ọmọ tó ń tóbi á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, àyè tí atẹ́gùn máa ń ṣẹ́kù sí á dínkù, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn tí ara ń béèrè ti pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ́síjìn aboyún tí kò lè mí dáadáa fi ń já wálẹ̀ kíákíá. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ilé ọmọ lè tẹ iṣan àbọ̀ ńlá inú ikùn mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn á dínkù, ọ̀pá ECMO tó wà nínú iṣan yẹn náà kò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ tó fà. Nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kó fì sí òsì díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀rọ sì sábà máa ń ní láti pọ̀ ju ti ẹni tí kò lóyún lọ, torí ẹ̀mí méjì ló ń lo ọ́síjìn náà.

Nínú gbogbo ohun tó lè mú kí wọ́n pe ẹ̀rọ yìí, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí omi tó yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Kò wọ́pọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà ìrọbí, lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ tàbí kété lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan á dédé ní òun ò lè mí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn lè dúró. Àwọn iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ló fún pọ̀, tí apá ọ̀tún ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ síbi tí kò gbà á. Láìpẹ́, ó rẹ apá òsì náà. Bí ìyá bá la èyí já, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kọ̀ láti dì, kó máa ṣàn láti ojú gbogbo ọgbẹ́. Síbẹ̀ ìfúnpọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kì í pẹ́. Bí VA bá gbé ẹ̀jẹ̀ kiri fún ìyá lásìkò náà, ọkàn rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà: àìsàn ọkàn tó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù tó kẹ́yìn oyún sí oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá tó dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró, àti ẹ̀dọ̀fóró tí àrùn bíi COVID-19 bàjẹ́ débi pé agbára ẹ̀rọ amúnimí kò ká a mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá fara kan rọ́bà fẹ́ dì. Kí ó má bàa dì, wọ́n ń fi hẹ́párìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní egbò ńlá nínú, níbi tí olóbì ti já. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ọgbẹ́ ikùn tún wà. Hẹ́párìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má dá mọ́. Bí wọn kò bá sì lò ó, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹ̀rọ, tàbí kí èyí tó dì lọ dí iṣan ọpọlọ. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣe ni pé wọ́n lè dá hẹ́párìn dúró fún wákàtí púpọ̀, àní fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa sáré nínú ẹ̀rọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kì í tètè dì. Dókítà àwọn aboyún kò ní kúrò níbẹ̀. Á máa wò ó bóyá ilé ọmọ ń fún pọ̀ bó ṣe yẹ. Fún ẹni tí oyún ṣì wà nínú rẹ̀, hẹ́párìn kì í gba ara olóbì kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Bí ọkàn aboyún bá dúró pátápátá, ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sáré sí. Wọ́n á máa tẹ àyà rẹ̀, ẹnì kan á fi ọwọ́ ti ilé ọmọ sí òsì. Bí oyún bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 tí ọkàn kò sì padà lù, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ níbi tó wà gan-an, kí ọmọ ti jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Torí ìyá gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é: bí ilé ọmọ bá ṣófo, ẹ̀jẹ̀ á rí ọ̀nà padà sí ọkàn. Níbi tí ECMO bá wà nítòsí, àwọn tó ń lò ó á ti máa wá iṣan ní itan bí àwọn yòókù ṣe ń tẹ àyà.

Àwọn kan rò pé dandan ni kí wọ́n gbé ọmọ jáde kí wọ́n tó so ìyá mọ́ ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá ṣì kéré, wọ́n lè fi í sílẹ̀. Àwọn obìnrin ti wà tó lo ECMO, tí wọ́n bọ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì bímọ lẹ́yìn náà nígbà tí oṣù pé.

Nínú àwọn àkójọ tí àwọn dókítà ti tẹ̀ jáde, nǹkan bí ìyá 7 nínú 10 tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ yìí nítorí oyún tàbí ìbímọ ló ń yè. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní àìsàn kankan kí oyún tó dé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò kò pọ̀, bí ọpọlọ bá sì ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pè wọ́n, ẹ̀rọ kò lè dá a padà. Mo gbà pé kí wọ́n ti pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń gbìyànjú oògùn lọ́wọ́. Àwọn ikọ̀ kan máa ń gbé ẹ̀rọ lọ bá aláìsàn níbi tó wà, wọ́n á so ó mọ́ ọn kí wọ́n tó gbé e.

Bí ara bá ti ń yá, wọ́n á máa dín ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀rọ kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ó bá lè dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n á yọ ọ̀pá. Ẹni tó jẹ́ pé àìsàn ọkàn inú oyún ló gbé e débẹ̀ kò gbọdọ̀ lóyún mìíràn láìjẹ́ pé dókítà ọkàn yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí ara rẹ̀ bá ti le koko, nítorí àìsàn náà lè padà wá.