Kí ẹ tó kó búlọ́ọ̀kù jọ fún jẹ́lé-ó-sinmi

Bí ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí káńsẹ́lọ̀ bá fẹ́ dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, ilẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ wá. Èmi a máa ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ wádìí ẹni tó ń mójú tó àwọn ọmọ náà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ má bi ìyá kankan pé, “Ṣé ẹ fẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi?” Ta ni yóò ní òun ò fẹ́? Ẹ bi í pé, “Lánàá tí ẹ jáde, ọ̀dọ̀ ta lẹ fi ọmọ sí? Aago mélòó lẹ wọlé?” Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ òótọ́. Òmíràn á ní ọmọ wà lẹ́yìn òun nídìí àtẹ. Òmíràn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló jókòó tì í, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, torí ẹ̀gbọ́n yẹn kò lọ sílé ìwé. Ẹ béèrè ti ọjọ́ ọjà pẹ̀lú. Ìyá tó ń ná ọjà ọrọọrún lè ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́; jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ṣí ní aago mẹ́jọ, tó ń tì ní aago kan, kò wúlò fún un, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ní ti iye ọmọ, ẹ má gbójú lé ìkànìyàn. Ọdún 2006 la ṣe é kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Àwọn ìkókó ìgbà náà ti tó dìbò. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kó bá yín ka iye ọmọ tó wà nínú ìwé àjẹsára, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n bí sílé àti ọmọ àwọn àtìpó inú oko lè máà sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ ó fi wá wọn. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé, “Ṣé gbogbo ọmọ tó ń sùn níbí la ti kà?” Ọmọ tí kò lè rìn tàbí tí kò gbọ́rọ̀, wọn kì í tètè dárúkọ rẹ̀ fún àlejò.

Ẹ wá pín wọn sí ọjọ́ orí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ọdún 2013 ti fi ọdún kan ṣáájú prámárì, fún ọmọ ọdún márùn-ún, sábẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ilé ìwé ìjọba tó wà nítòsí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni kò sábà rí ibì kan lọ. Ní tiwọn, ìyá méjì tó ṣe é fọkàn tán, tí wọ́n ń gbowó iṣẹ́ wọn déédéé, ní ṣọ́ọ̀bù kan létí ọjà tó ní omi àti ṣáláńgá, lè sàn ju ilé tuntun lọ.