Ta ló wà nídìí àdírẹ́sì yìí? Bí wọ́n ṣe ń tọpa IP tó ń fi spam àti ìkọlù dààmú ènìyàn

Sẹ́fà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, kì í pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àlejò àìpè tó dé bá a. Láàárín wákàtí mélòó kan, irú ìlà báyìí ti máa ń kún inú àkọsílẹ̀ rẹ̀: "Failed password for root from 203.0.113.45 port 52144 ssh2". Ẹnì kan ń dán password wò láti wọlé bí ọ̀gá pátápátá, kò sì tíì rí i ṣe ni. (Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá nọ́ńbà yẹn kiri o. Ó wà lára àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ inú ìwé.) Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló wúlò jù nínú ìlà náà. Òun náà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, torí bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á rò pé ọwọ́ ti tẹ olè.

Bí nọ́ńbà ara mọ́tò ni àdírẹ́sì IP rí. Ọkọ̀ ló ń júwe, kì í júwe ẹni tó wà nídìí sítíárì, ọkọ̀ ọ̀hún sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí gbé. Ẹ wo Mirai, ètò kọ̀ǹpútà aṣebi tó jà lọ́dún 2016. Kámẹ́rà àti ráútà inú ilé ló ń kó lẹ́rú, nípa fífi orúkọ àti password bí ọgọ́ta tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fi sára ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é gbìyànjú ìwọlé. Àwọn tó rà wọ́n kò pààrọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ya bo ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó ń júwe ọ̀nà sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí Twitter àti Netflix ṣí. Àdírẹ́sì àwọn onílé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kún inú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀sùn tó dáa kì í fi í bú ènìyàn: òun gan-an ló lè kọ́kọ́ ta onílé lólobó pé olè ti ń gbé inú ilé rẹ̀.

Irọ́ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ímeèlì. Orúkọ tó wà níwájú "From" kò já mọ́ nǹkan kan, ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́ lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Àwọn ìlà "Received" tó fara sin ni ká yẹ̀ wò. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, "Show original" ló ń tú wọn síta. Sẹ́fà kọ̀ọ̀kan tí ímeèlì bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá á fi ìlà tirẹ̀ lé e lórí, nítorí náà òkè ni èyí tó dé kẹ́yìn wà. Ìlà tí ilé iṣẹ́ ímeèlì ẹni fúnra rẹ̀ kọ nìkan ló ṣeé fọkàn tán. IP tí ìlà yẹn bá sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ímeèlì náà ti wọlé ni ká mú. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ayédèrú lè wà níbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn sáré lọ mú ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, kó sì lọ fẹjọ́ aláìṣẹ̀ sùn. Bó bá jẹ́ inú Gmail ni wọ́n ti kọ spam ọ̀hún, IP ti Google ló máa hàn, Google náà lẹ́jọ́ tọ́ sí.

Ẹ̀ka kan wà tí IP fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ayédèrú: ìkọlù UDP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan níbi tí kò ti pọn dandan kí ẹni tó ń ránṣẹ́ gba èsì. Bó bá jẹ́ TCP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kejì, ni wọ́n fi ń dán password wò, èsì gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà IP ibẹ̀ ṣeé dì mú.

Ta wá ni ká kọ̀wé sí? IANA ló wà lókè, tó ń pín nọ́ńbà fún àjọ márùn-ún káàkiri ayé. AFRINIC, tó wà ní Mauritius, ló ń bójú tó ti Áfíríkà láti ọdún 2005. Àṣẹ whois ló ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ wo ló gba ìdì tí nọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ ni "abuse-mailbox" tàbí "OrgAbuseEmail". Láti ọdún 1997 ni ìlànà RFC 2142 ti ní kí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní àpótí ímeèlì tó ń jẹ́ abuse. Orílẹ̀-èdè tí whois bá dárúkọ, ti ilé iṣẹ́ ni. Kò sọ ibi tí ẹni tó ń kọlù wá jókòó sí.

Ìwé ẹ̀sùn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ ìbínú ni wọ́n ń kó ránṣẹ́. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ nílò ni ìlà àkọsílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ní kíkọ, pẹ̀lú IP tí wọ́n kọlù, nọ́ńbà port (ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ gbà lára ẹ̀rọ), àti àkókò tó ní àmì UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, lára. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Ẹni tó bá kọ "aago méjì ọ̀sán" lásán, wákàtí mìíràn ni wọ́n lè lọ wá. Ọ̀rọ̀ wákàtí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: nọ́ńbà IPv4, irú IP tí a ń sọ yìí, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ IP kan ṣoṣo. Láìsí àkókò àti port, wọn kò lè yọ ẹnì kan kúrò nínú ogunlọ́gọ̀ yẹn.

Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kàn sí oníbàárà, á fún un láyè láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, bí kò bá sì ṣe é, á já okùn rẹ̀. Àwọn mìíràn dití sí ẹjọ́ nítorí owó tó ń wọlé. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Irú wọn ni McColo, ilé iṣẹ́ tó ń gbàlejò sẹ́fà àwọn oníbàárà ní Kalifọ́níà. Nígbà tí ẹ̀rí nípa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n já a sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, spam sì wálẹ̀ gan-an káàkiri ayé lójú ẹsẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún ti ń gbérí. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un ṣì ń ṣiṣẹ́: bí onílé bá kọ etí ikún, ẹni tó ń tà á ní ọ̀nà ni kí a lọ bá.

Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní kí ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọlù fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbọ́ nípa ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí láàárín wákàtí 72. Ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ kò gbọdọ̀ dúró de èsì ìwé abuse kankan. Báńkì ni kó kọ́kọ́ pè.

Yàtọ̀ sí ìwé kíkọ, àwọn ìwé dúdú wà tí wọ́n ń kọ IP tó lórúkọ búburú sí, bí irú ti Spamhaus, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998. Sẹ́fà ímeèlì á yí IP padà sẹ́yìn, á béèrè 45.113.0.203.zen.spamhaus.org lọ́wọ́ DNS, ètò tó ń wá orúkọ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ náà bá wà nínú ìwé, èsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127 á jáde, wọ́n á sì lè kọ̀ láti gba ímeèlì ọ̀hún. Ó yá kíákíá, ṣùgbọ́n ó lè mú aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, torí IP máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà tó ti lórúkọ búburú tẹ́lẹ̀ ní láti lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa á rẹ́. Nítorí èyí náà ni Fail2ban, ètò tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn adánpassword-wò, kì í fi í tì í títí láé: bí wọn kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni.