Finlandization: ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di èébú fún Fínlándì

Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí orílẹ̀-èdè kékeré máa ṣèjọba ara rẹ̀, kí ó máa dìbò, kí ó sì máa ṣòwò bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n kí ó máa wo ojú aládùúgbò rẹ̀ tó lágbára kí ó tó bá ilẹ̀ òkèèrè da nǹkan pọ̀. Bí èébú ni wọ́n ṣe ń lò ó, bí ẹni pé ojo ni àwọn ará Fínlándì. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n jà kí wọ́n tó tẹ̀ síbẹ̀.

Abẹ́ Súwídìn ni Fínlándì wà títí di ọdún 1809 tí ọba Rọ́ṣíà gbà á. Oṣù Kejìlá ọdún 1917 ni ó kéde òmìnira. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1939, Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀, gbógun dé. Ọjọ́ 105 ni àwọn ọmọ ogun Fínlándì fi kojú wọn nínú yìnyín, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ̀ kọjá lórí yìnyín. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ wọn lọ sí i, àwọn ará Karelia, ẹkùn kan ní ìlà-oòrùn Fínlándì, tó lé ní 400,000 sì kó kúrò nílé baba wọn. Ní ọdún 1941 wọ́n bá Jámánì lọ sógun láti gba ilẹ̀ náà padà. Nígbà tí ó di ọdún 1944, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ní láti yíjú ìbọn sí àwọn ará Jámánì kan náà, tí wọ́n dáná sun ìlú Rovaniemi bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Owó ìtanràn ogun tí Sófíẹ́ẹ̀tì bù fún wọn, ọdún 1952 ni wọ́n san án tán.

Àdéhùn tí wọ́n fi dá ogun dúró ní 1944 tún fi ilẹ̀ Porkkala, tí kò jìnnà sí Helsinki olú-ìlú wọn, sọ́wọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì fún 50 ọdún. Ojú irin tó ti Helsinki lọ sí Turku sì gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá dé ibodè, wọ́n á so ẹ́ńjìnnì Sófíẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, wọ́n á dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, àwọn èrò á sì jókòó sínú òkùnkùn lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi yọ lódì kejì.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ní ọdún 1948, nígbà tí Paasikivi jẹ́ ààrẹ, Fínlándì bá Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn ọ̀rẹ́. Kekkonen, tó ṣe ààrẹ láti ọdún 1956 títí di 1982, sì tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Fínlándì kọ owó ìrànwọ́ Marshall tí Amẹ́ríkà fi lọ Yúróòpù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1961, Sófíẹ́ẹ̀tì kọ̀wé pé kí àwọn jọ jókòó sọ̀rọ̀ ogun. Kekkonen rìn dé Novosibirsk ní Siberia láti lọ bá Khrushchev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ bá Kekkonen du ipò ààrẹ ti yọwọ́. Ìyẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù lójú mi: àwọn akọ̀ròyìn àti olóṣèlú kọ́ láti máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo Ẹstóníà ní òdìkejì òkun, tí Sófíẹ́ẹ̀tì gbé mì ní ọdún 1940. Ti Fínlándì kò rí bẹ́ẹ̀: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kò fìgbà kan dá iṣẹ́ dúró, wọ́n gba Porkkala padà ní ọdún 1956, wọ́n sì wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 1995.

Nígbà tí Rọ́ṣíà fẹ́ kọlu Ukraine ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àwọn kan tún gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde bí ìmọ̀ràn fún Ukraine. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2023, Fínlándì wọ NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀, pẹ̀lú ààlà tó lé ní 1,300 kìlómítà láàárín òun àti Rọ́ṣíà.