Bí Àyẹ̀wò DNA Ṣe Ń Wá Bakitéríà Tó Ń Ba Ojú Jẹ́

Kí ẹni tí ewé àgbàdo ha lójú lóko tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Ilé-Ifẹ̀, ó sábà máa ń ti gba ọ̀dọ̀ kẹ́mísì kọjá. Wọ́n á ta chloramphenicol, oògùn apakòkòrò, fún un, á kán an sójú fún ọjọ́ mélòó kan, bí ará ilé bá sì ní kó fi omi ṣúgà tàbí omi ọmú kún un, á fi kún un. Ìgbà tí funfun bá yọ lórí ibi dúdú ojú, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀ mọ́, ni yóò tó wá sí ọsibítù. Oògùn tó ti kán yẹn lè má wo ojú sàn, síbẹ̀ ó tó láti ba àyẹ̀wò jẹ́.

Àyẹ̀wò tí a mọ̀ tipẹ́ ń fẹ́ kòkòrò tó wà láàyè. Dókítà á kọ́kọ́ kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, á wá fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ kékeré ha etí egbò funfun náà. Ìpin tó ń ṣàn jáde kò tó, torí inú egbò ni kòkòrò fara pamọ́ sí. Ohun tí yóò rí ha kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n á tẹ́ díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á pa á láró lọ́nà tí Hans Christian Gram gbé kalẹ̀ ní 1884, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ maikiroskóòpù. Wọ́n á gbin ìyókù sórí agar, oúnjẹ kòkòrò tó dì bíi jẹ́lì, tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́, kí ó lè hù láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí oògùn ti dá lọ́wọ́ kọ́ kò ní hù. Èsì á ní àwọn kò rí nǹkan kan, ojú á sì máa bàjẹ́ lọ.

Àmọ́ kòkòrò tó kú ṣì ń fi DNA rẹ̀, okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá rẹ̀, sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òun sì ni PCR, àyẹ̀wò tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, ń wá. Kary Mullis ló ronú kàn án ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1993. Ìgbà kòrónà ni ọ̀pọ̀ wa tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n á fọ́ kòkòrò náà kí DNA rẹ̀ lè jáde, wọ́n á da ègé DNA kúkúrú tó mọ ibi tí yóò lẹ̀ mọ́ sí i, pẹ̀lú Taq, ohun tó ń kọ́ okùn DNA. Ẹ̀rọ á gbóná dé nǹkan bí 95°C, okùn méjì tó lọ́ mọ́ra á ya. Á tutù sí bíi 55 sí 60°C, ègé kúkúrú á wá ipò rẹ̀ lẹ̀ mọ́. Á tún gòkè dé 72°C, Taq á kọ́ okùn tuntun. Ẹyọ kan ti di méjì nìyẹn, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Bí ó bá yí bẹ́ẹ̀ nígbà 30, ẹyọ kan lè ti lé ní bílíọ̀nù kan, láàárín wákàtí díẹ̀. Iná tó bá lọ láàárín rẹ̀ lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ Taq ń fẹ́ fírísà tó tutù dé −20°C. Owó jẹnẹrétọ̀ wà lára owó àyẹ̀wò yìí, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò.

Bí wọn kò bá tíì mọ irú bakitéríà tó wà níbẹ̀, apá DNA tí wọ́n ń pè ní 16S ni wọ́n ń lé. Gbogbo bakitéríà ló ní i, ó sì gùn tó bíi 1,500 lẹ́tà, ìyẹn àwọn ẹyọ tó tò tẹ̀ léra lórí okùn DNA. Ó dà bí oríkì: orílẹ̀ pa gbogbo ọmọ ìran pọ̀, síbẹ̀ olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ibi tó pa wọ́n pọ̀ ni ègé kúkúrú ń lẹ̀ mọ́, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni wọ́n ń kà, láti mọ̀ bóyá Pseudomonas ni tàbí Streptococcus. Ẹ̀rọ tó ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Ifẹ̀ àti Iléṣà: ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka ìtò lẹ́tà àbùdá kòkòrò kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020.

Níbi tí agbára PCR wà náà ni ewu rẹ̀ wà. Staphylococcus epidermidis ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ lójú tí kò ní àrùn, ó sì wà lára ìka wa. Bí ó bá bọ́ sínú túùbù, ẹ̀rọ á sọ òun náà di ọ̀kẹ́ àìmọye. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti túùbù omi lásán, tí kò ní kòkòrò, bọ ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn tó kù. Bí omi bá mú èsì jáde, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. PCR kì í sì í sọ oògùn tí yóò pa kòkòrò, àfi bí wọ́n bá dìídì wá àbùdá kan pàtó, bíi mecA tó ń jẹ́ kí oògùn apakòkòrò methicillin má ran Staphylococcus. Àsọdùn ni kí ẹnikẹ́ni ní ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agar. Ojú tí wọ́n ha kí oògùn tó kàn án ló ṣàǹfààní jù fún àyẹ̀wò méjèèjì.

Ibi tí agar kò ti wúlò rárá ni ojú ọmọ tuntun tí Chlamydia trachomatis mú, torí inú ẹran ara alààyè nìkan ni kòkòrò yìí ti ń bí sí i. Ìpin rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 sí 14. Nọ́ọ̀sì á yí ìpéǹpéjú padà, á nu ìpin kúrò, á wá fi òwú orí igi ra inú rẹ̀ dáadáa, kí ara ìpéǹpéjú lè bá a jáde fún PCR. Erythromycin mímu fún ọjọ́ 14 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń kán sójú nìkan, torí ó lè ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á tọ́jú ìyá àti bàbá pẹ̀lú. Èyí tí àtọ̀sí fà máa ń yá jù bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 2 sí 5, ojú á wú, ìpin á máa dà yàà, ó sì lè lu ẹyinjú láìpẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de èsì kankan: wọ́n á gba àyẹ̀wò lójú rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní abẹ́rẹ́ ceftriaxone lọ́jọ́ náà gan-an.