Hamartia: nígbà tí ọfà bá tàsé

Ọmọ àdúgbò wa kan ní Ọ̀fà, tó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, gbé ìwé àjákọ rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni hamartia?" Mo ní kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ fún wọn ní kíláàsì. Ó kà á: ẹ̀ṣẹ̀ tàbí àbùkù ìwà tó ń ba ayé akọni jẹ́ nínú eré oníbànújẹ́. Mo ní nínú méjèèjì, èwo ni? Ó ní, "Tíṣà ní ká há a sórí bẹ́ẹ̀."

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àbùkù ìwà. Gíríìkì ló ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn jagunjagun sì ti ń lò ó kó tó dọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìwé. Nínú ewì Homer lórí ogun Troy, bí ẹnìkan bá ju ọ̀kọ̀ tí ọ̀kọ̀ náà kò ba ẹni tó dojú rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti fa hamartia yọ ni akéwì náà ń lò. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe é wẹ́kú: tàsé. Ìlú tí a sì jókòó sí yìí gan-an, ọwọ́ ọlọ́fà la ti gbọ́ pé ó ti ṣẹ̀ wá. Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan ni ìtàn pe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ń kì ní atamátàsé. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní atamátàsé ti mọ ìdajì hamartia.

Ẹ wo ohun tó wà nínú títàsé. Ẹni tó tàsé fojú sun nǹkan, ó fa ọrun, ó ta á. Ohun tó fẹ́ ta lè jẹ́ ohun tó tọ́. Ọfà wá lọ ba ibòmíràn, bóyá ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lúgọ sínú igbó. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, òkú sì wà nílẹ̀. Àárín ohun méjèèjì yìí ni Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìkì, dúró sí nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì àti eré, ní orí 13, ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní bí ẹni rere pátápátá bá ṣubú, ó máa ń rí wa lára ni. Bí ìkà bá ṣubú, a ó ní ó jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, a ò ní káàánú rẹ̀. Ẹni tí ìṣubú rẹ̀ ń fa àánú àti ìbẹ̀rù ni ẹni àárín, tó jẹ́ pé hamartia ló gbé e ṣubú, kì í ṣe ìwà ibi.

Oedipus wà lára àwọn tí Aristotle fúnra rẹ̀ dárúkọ. Nínú eré tí Sophocles kọ ní nǹkan bí ọdún 430 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ti sọ fún Oedipus ní Delphi, ojúbọ tí àwọn Gíríìkì ti ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀, pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn tó tọ́ ọ ní Korinti ló rò pé ó jẹ́ òbí òun, nítorí náà ó sá kúrò ní Korinti kí ọwọ́ òun má baà kan bàbá òun. Ojú ọ̀nà tó sá gbà ló ti pàdé Laius, bàbá tó bí i gan-an tí kò mọ̀, ní oríta mẹ́ta. Ìjà dé, ó pa á. Ó dé Thebes, wọ́n fi í jọba, ó fẹ́ ayaba tó di opó, Jocasta, ìyá tó bí i. Ọfà tó ta láti fi yẹra fún bàbá rẹ̀ ló lọ bá bàbá rẹ̀ láyà. Ìmọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó fún un, èrò rẹ̀ kò burú. Nígbà tó mọ̀, ó fọ́ ojú ara rẹ̀. Yorùbá ti sọ gbogbo eré yẹn sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àbámọ̀. Ẹ tú u palẹ̀: à bá mọ̀.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ nínú èdè wa kì í dá dúró, ẹnìkan la máa ń ṣẹ̀: o ṣẹ̀ mí, mo ṣẹ̀ ọ́, ó ṣẹ Ọlọ́run. Nítorí pé ẹnìkan la ṣẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹnìkan lè dárí rẹ̀ jì wá, tí ará Ìlọrin fi lè kúnlẹ̀ kó ní òun túúbá. Ta ni Oedipus fẹ́ túúbá fún? Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú, kò sì sí ìgbà kankan tó pinnu láti ṣẹ̀ ẹ́.

Ibi tí tíṣà ọmọ yìí ti rí ẹ̀ṣẹ̀ kò jìnnà ṣá o. Nígbà tí wọ́n ń kọ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì, hamartia yìí kan náà ni wọ́n lò fún ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Hébérù náà gba ọ̀nà yìí: nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ 20:16, 700 ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì wà tí wọ́n lè fi kànnàkànnà ta òkúta sí fọ́nrán irun láìtàsé, ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀ sì ni Hébérù ń lò fún dídẹ́ṣẹ̀. Lárúbáwá kò yàtọ̀. Láti orísun kan náà tí wọ́n ti ń sọ pé ọfà tàsé ni khata, àṣìṣe, àti khatia, ẹ̀ṣẹ̀, ti wá. Àwọn àáfà Ìlọrin mọ èyí dáadáa, torí inú Súrà Nísáì ni ìyàtọ̀ náà wà: ẹsẹ 92 ń sọ nípa ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, pé kó dá ẹrú sílẹ̀ kó sì san owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ẹbí, àti pé ẹni tí kò bá rí ẹrú yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ẹsẹ 93 wá kan ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa á, Jàhánámà ni tirẹ̀. Lójú tèmi, ẹsẹ méjèèjì yẹn ṣàlàyé hamartia ju ọ̀pọ̀ ìwé kíláàsì lọ.

Ti àbùkù ìwà kò tilẹ̀ gbà mí lákòókò: àwọn olùtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fà á wọlé, àwa náà sì ń há a sórí.

Ẹ̀bi tún wà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Jíjẹ la ń jẹ̀bi, bí a ṣe ń jẹ gbèsè, ẹlòmíràn ló sì máa ń dá wa lẹ́bi tàbí kó dá wa láre. Àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé ńlá fẹ́ràn ẹ̀bi tí kò dé kóòtù. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí ọkàn ni: ọkàn kì í ṣe adájọ́, ẹlẹ́rìí ni, ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé fún ní rìbá. Ìyàwó Macbeth nínú eré Shakespeare, tó ti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn láti pa ọba Duncan, kò sẹ́ni tó mú un, síbẹ̀ ó ń rìn lójú oorun, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí Dostoevsky, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1866, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Crime and Punishment, ń kọ́? Raskolnikov fi àáké pa obìnrin tó ń gba nǹkan dógò, ó sì tún pa àbúrò rẹ̀. Prestuplenie, ọ̀rọ̀ tí èdè Rọ́ṣíà ń lò fún ọ̀ràn dídá, tó wà nínú àkọlé ìwé náà, ríré ààlà kọjá ni ìtumọ̀ rẹ̀ gangan, bí Bíbélì wa ṣe ń pè é ní ìrékọjá. Èyí kì í ṣe ìtàsé. Ó rí ààlà, ó gbé ẹsẹ̀. Sonya, ọmọbìnrin tó jẹ́wọ́ fún, ní kó lọ sí oríta, kó wólẹ̀, kó fẹnu ko ilẹ̀, kó sì jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé. Oríta ṣáá! Ẹ̀rín máa ń pa mí níbẹ̀, nítorí kò sí àgbà ilẹ̀ wa tí yóò béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ oríta.

Ọmọ náà wá béèrè ti Odewale, nítorí The Gods Are Not to Blame, eré Ola Rotimi tó gbé ìtàn Oedipus wá sílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ló ń kà. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ta kókó. Lóko iṣu nítòsí Ẹdẹ ni Odewale ti pa Adetusa, kò mọ̀ pé bàbá òun ni. Pé ó pa bàbá rẹ̀, ìtàsé ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ló pa lọ́jọ́ náà, bàbá ì báà jẹ́ tàbí àlejò, nítorí pé ọkùnrin náà bú ẹ̀yà rẹ̀, inú Odewale sì ru. Mo ní lójú tèmi, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òun gan-an kò jẹ́ ká di ẹrù náà ru àwọn òrìṣà ní ìparí eré.

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Bùrọ̀dá, ṣé bí ọkùnrin yẹn kò bá jẹ́ bàbá rẹ̀, kò ní sí eré rárá?" Mo ní kò ní sí. Ó ní, "Òkú ṣì máa wà lóko iṣu." Mo wò ó. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè èwo ni kóun kọ lọ́jọ́ ìdánwò. Mo ní kó kọ ti tíṣà sókè, kó kọ tèmi sísàlẹ̀, kó fa ìlà sáàárín.